Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Igbó Ìjọba ní Ilẹ̀ Yorùbá: Ohun Tí Ilé-Ẹ̀kọ́ Gbà Lọ́wọ́ Ọdẹ

Bí wọ́n ti sábà máa ń sọ ìtàn iṣẹ́ igbó ní Nàìjíríà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìmọ̀ gbà rìn: láti Íńdíà àti Bọ́mà wá sí ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá, láti ọ́fíìsì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ṣọ́ tí ń rìn yí ààlà igbó ká. Ìtàn yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Bí àwọn ọ̀gá ti ń kọ́ ẹ̀ṣọ́ ni àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́, tí àwọn ọdẹ wà lára wọn, ń kọ́ ọ̀gá. Ohun tí ó yẹ fún àyẹ̀wò ni bí ẹ̀kọ́ kejì yìí ṣe wúlò tó, àti ìdí tí kò fi wọ inú ìwé-ẹ̀rí.

Igbó Olókèméjì, lẹ́bàá odò Ògùn, wà lára àwọn tí ìjọba amúnisìn kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀, ní nǹkan bí 1899. Nígbà tí H. N. Thompson di ọ̀gá àgbà iṣẹ́ igbó ní Gúúsù Nàìjíríà ní 1903, Bọ́mà ni ó ti wá, ìlànà ibẹ̀ ni ó sì gbé dání: kí wọ́n wọn ilẹ̀, kí wọ́n la ààlà, kí wọ́n ka igi, kí ẹni tí yóò gé gẹdú sì gba ìwé àṣẹ. Ẹ̀ṣọ́ ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń fi òòlù ìjọba sàmì sí gẹdú, bí wọ́n sì ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ arúfin sílẹ̀ kí ó lè dúró nílé ẹjọ́. Kò sí ọdẹ tí ó mọ èyí tẹ́lẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Igbó tí kò ní ààlà lórí ìwé kò lè dúró pẹ́ níwájú àwọn oníṣòwò gẹdú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan kíka igi, ọ̀rọ̀ a yí padà. Àwọn igi inú igbó kìjikìji ga, orí wọn sì wọnú ara wọn; ẹni tí ó dúró nísàlẹ̀ kì í sábà rí ewé tàbí òdòdó tí ìwé òyìnbó fi ń dá igi mọ̀. Ọmọ ìbílẹ̀ tí ó mọ igi ni wọ́n máa ń fi ṣíwájú. Òun a fi àdá ṣá èèpo, a wo àwọ̀ ojú ọgbẹ́ náà, a gbóòórùn rẹ̀, a wo irú oje tí ó ń sun, a sì pe orúkọ igi. Akọ̀wé a kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, ọ̀nà yìí di ti àwọn onímọ̀ pẹ̀lú: nínú Nigerian Trees, ìwé tí Keay, Onochie àti Stanfield kọ, tí apá rẹ̀ méjèèjì jáde ní 1960 àti 1964, bí ojú ọgbẹ́ èèpo ti rí wà lára ohun tí wọ́n fi ṣàpèjúwe igi, orúkọ ìbílẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹ̀rí mìíràn wà lọ́jà. Ìrókò, afàrà, ìdígbó àti àbùrà, orúkọ Yorùbá ni gbogbo wọn, àwọn sì ni àwọn oníṣòwò ilẹ̀ òkèèrè fi ń pe gẹdú wọ̀nyí títí di òní. (Ti arère yàtọ̀: obeche, orúkọ tí àwọn Ẹ̀dó ń pè é, ni ó borí.) Ẹni tí ó bá ní ọdẹ kò kọ́ òyìnbó ní nǹkan kan, kí ó ka ìwé ọjà gẹdú.

Ní 1939 ni ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ igbó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ọdún kan lẹ́yìn tí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ń wọ igbó, ṣùgbọ́n èdè wọn kò pàdé. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ilé-ẹ̀kọ́, ọdẹ tí kò mọ̀wé kò sì lè gba ibẹ̀ kọjá. Báyìí ni iṣẹ́ pín sí méjì: ẹni tí ó ní ìwé-ẹ̀rí di ọ̀gá, ẹni tí ó mọ igbó di alágbàṣe. Ẹ̀ka ìmọ̀ igbó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963 mú kí ìmọ̀ àwọn ọ̀gá ga sí i, ṣùgbọ́n ìpín náà dúró bí ó ti wà.

Kì í ṣe pé ọdẹ kò ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ọmọ tí yóò ṣọdẹ a tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, a ru àpò, a kọ́ bí wọ́n ti ń ka ipasẹ̀: bóyá ti òwúrọ̀ ni tàbí ti àná, bóyá ẹran náà ń sáré ni tàbí ó ń jẹ̀. Ìjálá pẹ̀lú jẹ́ ara ẹ̀kọ́ náà. Iṣẹ́ Adébóyè Babalọlá tí ó jáde ní 1966 fi hàn bí oríkì ẹranko àti ti igi ti jẹ́ kókó tó nínú rẹ̀. Ìrísí ẹran, ìwà rẹ̀ àti ewu rẹ̀ wà nínú ohun tí ọmọdé ń gbọ́ sórí.

Nígbà tí ìpàdé Arusha ti 1961 gbé ọ̀rọ̀ ẹran ìgbẹ́ Áfíríkà síwájú ayé, àìtó òṣìṣẹ́ tí ó kọ́ṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n tẹnu mọ́. Ní 1963 ilé-ẹ̀kọ́ Mweka bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òkè Kilimanjaro. Ti àwọn tí ń sọ Faransé bẹ̀rẹ̀ ní Garoua, ní Cameroon, ní 1970. Àwọn ará Nàìjíríà náà lọ sí Mweka. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ dára, ṣùgbọ́n pápá gbalasa ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni ó yí i ká, níbi tí ènìyàn ti lè jókòó nínú ọkọ̀ kí ó máa ka ẹran. Ní agbègbè Ọ̀yọ́-Ilé, lẹ́yìn òjò, koríko a ga bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò lè ka ipasẹ̀ àti imí ẹran níbẹ̀, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé kò rí nǹkan. Ilé-ẹ̀kọ́ New Bussa, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1978 nítòsí adágún Kainji, ni ó sún ẹ̀kọ́ náà mọ́lé.

Kí ó tó dé, nǹkan ti bàjẹ́ láàrin ẹ̀ṣọ́ àti ọdẹ. Wọ́n ti ya igbó Òkè Ògùn sọ́tọ̀ ní 1936, ti Ọ̀yọ́-Ilé ní 1941. Ní 1952 àwọn méjèèjì di igbó ìpamọ́ ẹran, ní 1991 sì ni òfin ìjọba àpapọ̀ sọ wọ́n di Old Oyo National Park. Bí ipò igbó náà ti ń ga ni ipò ọdẹ ń rẹlẹ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń dẹ̀gbẹ́ lọ síbẹ̀ láìbẹ̀rù di arúfin lórí ilẹ̀ kan náà. Òfin sọ bí ẹ̀ṣọ́ yóò ti mú un. Kò sọ ohun tí ẹ̀ṣọ́ lè kọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Igbó Omo, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni ibi tí àyípadà ti hàn. 1925 ni wọ́n yà á sọ́tọ̀; ní 1946 wọ́n ya apá kan nínú rẹ̀ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi tàbí dọdẹ; ní 1977 UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó tí ó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé. Erin ṣì ń bẹ níbẹ̀. Àwọn tí ó ti ṣọdẹ rí wà lára àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń bá Nigerian Conservation Foundation ṣiṣẹ́ nínú igbó náà. Wọ́n mọ ọ̀nà tí ọdẹ ń gbà wọlé, torí wọ́n ti gbà á rí. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń pa àgọ́ sí, àti wákàtí tí ìbọn máa ń dún. Ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ẹran fúnra rẹ̀ wà lára irinṣẹ́ wọn báyìí, igi tí wọn yóò sì so ó mọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ ojú ọ̀nà tí ẹran ń tọ̀ lọ sódò.