Ilé Jaekel
Ilé Jaekel jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ nínú ọgbà Rélùwéè ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, Èkó, tí a sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ojú irin. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ. Wọ́n fi sọrí Francis Jaekel, ọ̀gá Rélùwéè kan tó kọ ìtàn Rélùwéè sí ìwé alápá mẹ́ta. Ẹgbẹ́ Legacy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, ló tún ilé náà ṣe.

Àwòrán àti ohun èlò iṣẹ́ àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ máa ń kó ọmọ wá wò wọ́n. Bí ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: iná èédú a sọ omi di ooru, ooru a ti písítìnì, písítìnì a yí ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Ìdó ní Èkó ni iṣẹ́ ojú irin ti bẹ̀rẹ̀ ní 1896. Ó gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i ní 1901. Àlàfo àárín irin méjèèjì rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1,067. Ti ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 2021, jẹ́ mílímítà 1,435. Ojú irin méjèèjì kò ya Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà ní Ìbàràpá, nítorí náà ìrìn-àjò sí Ilé Jaekel ṣe pàtàkì gan-an fún akẹ́kọ̀ọ́ agbègbè náà.