Ohun Tó Mú Kí Gíga àti Ooru Omi Òkun Yàtọ̀ Láti Ibì Kan Sí Ibòmíràn

Èrò tó wọ́pọ̀ láàárín wa ni pé omi kì í ga níbì kan kó relẹ̀ níbòmíràn: ibi tó bá ti kún ni yóò ti ṣàn lọ síbi tó ti fà. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú kànga, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ lójú agbami. Láti ọdún 1992 tí Amẹ́ríkà àti Faransé ti jọ rán sátẹ́láìtì TOPEX/Poseidon lọ sójú òfurufú ni wọ́n ti ń wọn gíga òkun látòkè láìdáwọ́ dúró, òkè àti kòtò sì ni wọ́n ń bá lójú omi. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé gíga omi àti ooru rẹ̀ so kọ́ra, pé atẹ́gùn ló ń pín méjèèjì kiri, àti pé ẹni tó bá fi ìpíndọ́gba gbogbo ayé dájọ́ fún etíkun kan ṣoṣo yóò ṣìnà.

Agbedeméjì Òkun Pàsífíìkì ni ẹ̀rí ti hàn jù. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ níbẹ̀ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ń ti omi tí oòrùn ti pa gbóná lọ, bí ìgbà tí èèyàn ń fẹ́ ẹnu sí ẹ̀kọ gbígbóná tí ti òkè rẹ̀ ń wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì abọ́. Ìhà Indonéṣíà ni omi náà ń kó jọ sí. Ooru ojú omi níbẹ̀ a máa tó dígírì 29, omi gbígbóná náà a sì nípọn ju mítà 100 lọ. Ní etíkun Perú, omi tútù ló ń ti ìsàlẹ̀ gòkè wá dí àyè èyí tí atẹ́gùn gbé lọ. Ooru rẹ̀ lè wálẹ̀ dé dígírì 17. Omi tútù yìí ló ń gbé oúnjẹ ẹja wá sókè, òun ló sì sọ etíkun Perú di ọ̀kan lára ibi tí ẹja ti pọ̀ jù láyé. Omi ìhà Indonéṣíà fi nǹkan bí ìdajì mítà ga ju ti ìhà kejì lọ: atẹ́gùn kò jẹ́ kó ṣàn padà, omi gbígbóná sì máa ń fẹ̀ ju omi tútù lọ. Nígbà tí atẹ́gùn náà rọ̀ lọ́dún 1997, tí ohun tí wọ́n ń pè ní El Niño dé, omi gbígbóná rọ́ padà sí ìlà-oòrùn, omi ga ní Perú, ó fà ní Indonéṣíà, ẹja sì sá. N kò mọ ẹ̀rí tó lágbára ju èyí lọ: atẹ́gùn rọ̀, òkè omi sì tú.

Irú rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, omi tútù máa ń gòkè ní etíkun Gánà àti Côte d'Ivoire, ooru tó ń sún mọ́ dígírì 28 tẹ́lẹ̀ a sì lọ sílẹ̀ ju 25 lọ. Ó wà lára ohun tó ń dá òjò dúró fúngbà díẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá nínú oṣù Kẹjọ.

Ẹnì kan lè wá béèrè pé: bó bá jẹ́ pé atẹ́gùn ló ń gbé omi síhìn-ín sọ́hùn-ún, ṣé kì í ṣe pé ariwo lásán ni ọ̀rọ̀ òkun tó ń ga? Rárá o. Atẹ́gùn ń pín omi ni, kì í bù kún un. Láti ọdún 1993, ìpíndọ́gba gíga òkun ti lé ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10, nítorí pé omi ń gbóná, ó ń fẹ̀, yìnyín orí ilẹ̀ sì ń yọ́ wọ inú rẹ̀. Síbẹ̀, ní nǹkan bí ogún ọdún àkọ́kọ́ ìwọ̀n náà, omi ìtòsí Philippines ga ní ìlọ́po mẹ́ta ìpíndọ́gba yìí, ti etíkun California kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, nítorí pé atẹ́gùn le sí i. Ará California tó sọ nígbà náà pé òkun kò ga mọ́ ka ìwọ̀n rẹ̀ dáadáa, àmọ́ ó túmọ̀ rẹ̀ sódì.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú kì í dúró sójú kan. Ó ń gòkè ní Stockholm, débi pé omi ń fà sẹ́yìn níbẹ̀. Ó ń rì ní Jakarta. Nítorí náà, nígbà tí òkun bá ń gba ilé lọ́wọ́ àwọn ará Ayétòrò nílẹ̀ Ìlàjẹ, mìlímítà mẹ́ta àti díẹ̀ tí wọ́n ń kà fún gbogbo ayé lọ́dọọdún kò lè tó àlàyé. Kí ìjọba tó gbé odi kankan kalẹ̀ létíkun wa, kí ó kọ́kọ́ ri ẹ̀rọ ìwọnmi mọ́ ibẹ̀, kí ó sì máa wọn omi àti ilẹ̀ pọ̀.