Ikú Ta Ni, Ẹ̀sín Ta Ni?

Ikú yá ju ẹ̀sín. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò sọ pé ikú dára. Ohun tí wọ́n wí ni pé bí ó bá di dandan kí ọmọlúàbí mú ọ̀kan nínú méjèèjì, ikú ni yóò mú. Ìtìjú lè bá ènìyàn nínú yàrá rẹ̀ níbi tí kò sí ẹnìkan, ṣùgbọ́n ẹ̀sín kò sí níbi tí kò bá ti sí ẹni tó ń wò. Ẹnu ayé ló ń gbé e kiri. Òwe náà ò kúkú sọ ikú ta ni, kò sì sọ ẹ̀sín ta ni. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè, mo sì rò pé Ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn àti àwọn ìlú Èkìtì òun Ìjẹ̀ṣà jà, ló lè dá wa lóhùn.

Ìbàdàn ló lé ogun Ìlọrin sẹ́yìn ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840. Oore ńlá ni fún ilẹ̀ Yorùbá, kò sì yẹ kí á gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú kan náà ló wá gbé ajẹ́lẹ̀ kalẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Ajẹ́lẹ̀ a máa gbé àárín ìlú, a máa gba owó ìsìn fún olóyè tó rán an. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ a máa mú ewúrẹ́ onílé, wọn a wọ oko olóko lọ wa iṣu, wọn a sì tẹ́ńbẹ́lú ọba lójú àwọn ìjòyè rẹ̀. Baálé ilé a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a máa wo ẹran rẹ̀ bí wọ́n ti ń fà á lọ, ìyàwó àti ọmọ a sì máa wo òun náà. Ẹ̀sín nìyẹn.

Ní 1878, jagunjagun kan tó ń jẹ́ Fábùnmi bẹ́ ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn lórí ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Ìbàdàn ní kí wọ́n fi Fábùnmi lé àwọn lọ́wọ́, ìlú kọ̀. Ìpinnu yẹn jọ mí lójú ju idà Fábùnmi lọ, nítorí ẹni tó yọ idà ti fi orí ara rẹ̀ lélẹ̀, ṣùgbọ́n ará ilé tó kọ̀ láti fi í sílẹ̀ mọ̀ pé òrùlé òun ni wọn yóò kọ́kọ́ ti iná bọ̀. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn para pọ̀, Ògèdèǹgbé Agbógungbórò di olórí ogun wọn. Lọ́dọ̀ Ìbàdàn ni òun àti Fábùnmi ti kọ́ ogun jíjà.

Ọ̀nà Igbájọ ni ibùdó Ìbàdàn wà, ọ̀nà Ìmẹ̀sí-Ilé ni ti Èkìtì Parapọ̀, òkè ló wà láàrin wọn. Nígbà tí ìbọn ṣakabùlà ń dún, ó ti tó gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó dáwó jọ, wọ́n ra ìbọn tuntun, irú èyí tí wọ́n ń ti ẹ̀yìn ki ọta sí. Ìró rẹ̀ a lu òkè, òkè a dá a padà: kírìjì, kírìjì. Bí ogun náà ṣe gba orúkọ nìyẹn. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn fúnra rẹ̀, kú sí ibùdó ní 1885.

Samuel Johnson àti Charles Phillips, àlùfáà ìjọ, ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti ibùdó kan dé èkejì. Ní 1886, ìhà méjèèjì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé àwọn ọba Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bọ́ lọ́wọ́ Ìbàdàn. Ohun tí Fábùnmi tìtorí rẹ̀ yọ idà ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Síbẹ̀ ogun ò tú ká. Ọ̀rọ̀ ìlú Ọ̀fà àti ti Mọdákẹ́kẹ́ tí kò tíì yanjú wà ńlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni pé ẹgbẹ́ ogun kan ò fẹ́ kọ́kọ́ kẹ́yìn sí èkejì. Ta ni yóò sọ fún ará ilé pé òun ló kọ́kọ́ ká àgọ́? Ẹ̀rù ẹ̀sín tó sọ ìlú kékeré di akọni ló wá di ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn balógun. Ọdún méje mìíràn ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Orí ìyàwó àgbẹ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú ni ìyà ọdún méje náà já lé, kò sì sí ẹni tó bi í bóyá ikú yá ju ẹ̀sín lójú tirẹ̀.

Carter, gómìnà òyìnbó tó wà ní Èkó, gbéra ní 1893, ó tú wọn ká. Ọdún yẹn kan náà ni Ìbàdàn gba ọ̀gá òyìnbó, Captain Bower, sí àárín ìlú. Bí ìlú tó ń rán ajẹ́lẹ̀ ṣe gba ajẹ́lẹ̀ tirẹ̀ nìyẹn. Apá Bower kò sì mọ sí Ìbàdàn. Ní 1894, ó mú Ògèdèǹgbé, ẹni tí Ìbàdàn ò rí mú ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi kojú ara wọn ní Kírìjì, wọ́n sì mú un kúrò ní ìlú rẹ̀ lọ sí Ìwó. Nígbà tó padà sí Iléṣà, wọ́n fi í jẹ oyè Ọbańlá. Abẹ́ ìjọba gómìnà ló kú sí ní 1910.