Owó Àwọn Ìyá àti Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Oníkọ̀ǹpútà ní Seattle

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé àti lẹ́yìn odi, ìtàn yìí yẹ ní àgbọ́yé. Ní ọdún 1968, Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá ní ilé-ẹ̀kọ́ Lakeside, ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, kó ọjà àlòkù jọ, wọ́n sì tà á. Èrè rẹ̀ ni wọ́n fi pèsè ẹ̀rọ Teletype kan, èyí tí wáyà tẹlifóònù so mọ́ kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ibòmíràn. Owó ni a ń san fún ìlò rẹ̀; kò sì pẹ́ tí owó náà fi tán.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà, Bill Gates àti Paul Allen pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ti di ẹgbẹ́. Wọ́n bá ilé-iṣẹ́ kan ṣe àdéhùn pé àwọn yóò máa wá àbùkù inú ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí ó lè jẹ́ kí àwọn lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 1975, Gates àti Allen dá Microsoft sílẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá fi kọ̀ǹpútà ta ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ́rẹ, kí a pèsè owó ìlò rẹ̀ pẹ̀lú, kí a sì fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ gidi ṣe. Ẹ̀rọ tí a tì mọ́ yàrá ọ̀gá kò lè kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni.