Ilé Wo Là Ń Wò?

"Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ." Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí òwe yìí kò sọ. Kò ní ibi tí ìyá bímọ sí là ń wò. Ilé tí àwọn àgbà ń wí kì í sì í ṣe ògiri àti òrùlé. Ó kó oríkì, èèwọ̀ àti iṣẹ́ ìran mọ́ra. Bí ilé bá ń bọ Ifá, ọmọ ibẹ̀ lè jẹ́ Fábùnmi. Bí wọ́n bá ń ṣọdẹ, ó lè jẹ́ Ọdẹ́wálé.

Ọ̀rọ̀ ilé yìí ti dé inú òṣèlú. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá 2024 ni Olúkẹ́mi Adégòkè, tí ayé mọ̀ sí Kemi Badenoch, di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ọkọ̀ Ìkòtún sí Ẹgbẹ́dá ní Èkó, "ọmọ wa ni" ló gbẹnu èrò. Kò pé oṣù méjì tí ọ̀rọ̀ fi yí padà. Badenoch ròyìn ìbẹ̀rù àti ìwà ìbàjẹ́ tó rí nígbà tó ń dàgbà ní Èkó. Igbákejì Ààrẹ Nàìjíríà, Kashim Shettima, fèsì pé bó bá wù ú, kó yọ Kẹ́mi kúrò lára orúkọ rẹ̀. Badenoch náà ní Yorùbá lòun ka ara òun sí ju ọmọ Nàìjíríà lọ, pé kò sí ohun tó pa òun pọ̀ mọ́ àwọn ará Àríwá. Ibi tó ti pe ara rẹ̀ ní Yorùbá dùn mọ́ mi nínú. Ibi tó ti ta Àríwá nù ni kò dùn mọ́ mi, nítorí ilé Yorùbá tí mo mọ̀ kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ aládùúgbò.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ti wá ń wo ilé. Wimbledon ni wọ́n bí Badenoch sí ní 1980, nígbà tí ilẹ̀ tí a bí ọmọ sí tó láti sọ ọ́ di ọmọ onílùú. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kínní 1983, wọ́n ń bèèrè ẹni tí bàbá tàbí ìyá jẹ́.

Àwa náà ń bèèrè, tiwa sì le jù. Níbi ìdìbò gómìnà Èkó ní oṣù Kẹta 2023, Gbadebo Rhodes-Vivour, olùdíje tí ilé baba rẹ̀ jẹ́ ará Èkó, rí bí àwọn kan ṣe gbé Chinedu, orúkọ Igbo tó ń jẹ́, sókè bí ẹ̀sùn, nítorí pé ọmọ Igbo ni ìyá rẹ̀. Ṣé ilé ìyá kì í sọmọ lórúkọ ni?

Ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń gún mi lára jù. Ilẹ̀ Àwórì ni, síbẹ̀ nínú ètò ìkànìyàn 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà níbẹ̀, àwọn tó ti ibi gbogbo wá. Ní ojúlé tí mò ń gbé ní Ìgàndò níbẹ̀, ayálégbé kan tó jẹ́ Igbo bímọ. Lọ́jọ́ kẹjọ, ìyá onílé wa sọ owó sínú àwo omi, ó sì pe ọmọ náà ní Ayọ̀mídé. Kò sẹ́ni tó ní kó fún un lórúkọ. Ìyá ọmọ náà kí i kú iṣẹ́, ó sì tún orúkọ náà pè kó lè dá a lójú pé òun gbọ́ ọ dáadáa.