Oko Bàbá Ẹlòmíràn: Láti Ìbàfò Dé Ìfọ̀ Pẹ̀lú Àwọn Ọmọ

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ìbáwí ni a sábà máa ń fi òwe yìí ṣe. A fi ń pa afọ́nnu lẹ́nu mọ́, a fi ń rán agbéraga létí pé ayé fẹ̀ ju ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ. Ìlò yẹn dára, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ kí a gbójú fo ohun kan. Òwe náà kò sọ pé oko bàbá ọmọ yìí kéré. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ló tóbi jù ní gbogbo àgbègbè náà lóòótọ́. Ohun tí òwe ń bá ọmọ wí fún ni pé ó ń sọ̀rọ̀ nípa ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé.

Ta ló wá yẹ kó mú un dé oko ẹlòmíràn? Láyé àtijọ́ kò sẹ́ni tó ń béèrè èyí, nítorí àáró àti ọ̀wẹ̀ wà. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá dá àáró, wọn a ro oko ti ọ̀kan lónìí, wọn a ro ti èkejì lọ́la, títí yóò fi kárí. Bí ẹnì kan bá bẹ ọ̀wẹ̀ tàbí tó fẹ́ ṣiṣẹ́ fún àna rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ àti ìbátan a ṣù lọ, tọmọdé tàgbà. Kí ọdún tó yí po, ọ̀dọ́ kan ti mọ oko tí ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó ti mọ èyí tí òkúta ń ṣẹ́ ọkọ́ mọ́ni lọ́wọ́, ó sì ti mọ èyí tó wà létí àkùrọ̀ tí iṣu kò ti í ta. Iṣẹ́ ni wọ́n bá lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í bọ̀ láìmọ ilẹ̀. Mo gbà pé àwọn tó pa òwe yìí mọ̀ pé ọ̀nà tí ọmọ lè gbà dé oko ẹlòmíràn ń bẹ. Ọ̀nà náà ló ti dí mọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tiwa.

Àwọn ọmọ tó ń dàgbà ní Mówè àti Ìbàfò, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ló wà lọ́kàn mi. Ọ̀pọ̀ òbí wọn ló sá fún owó ilé Èkó wá síbẹ̀, tí wọ́n ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì, tí wọ́n sì ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wá láti Ọ̀ṣun, láti Èkìtì, láti Kwara, láti ilẹ̀ Ìgbò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, bàbá àti ìyá ti wọkọ̀ lọ sí Èkó, wọn kì í sì í dé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ilé, ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, àti ọ̀nà márosẹ̀ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kì í tán lórí rẹ̀: èyí ni gbogbo ohun tí ọmọ mọ̀ nípa ibi tó ń gbé. Bí ìsinmi bá dé, Èkó náà ni wọ́n tún ń mú un lọ.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, orí oko bàbá ẹlòmíràn gan-an ni ọmọ yìí ń sùn. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé tí Mówè àti Ìbàfò wà nínú rẹ̀. Kí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó ṣí ní 1978, abúlé oko ni púpọ̀ nínú àwọn àdúgbò wọ̀nyí. Ẹ̀gbá tó ní agboolé l'Ábẹ́òkúta a máa ní aba lóko, ibẹ̀ ni yóò ti ṣiṣẹ́, yóò sì padà sílé fún ọdún, ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Ọ̀nà náà dé, ìjọ Rìdíìmù ra ilẹ̀ àgọ́ wọn ní 1983, èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Oko di ilé. Ọmọ tó wà nínú ilé náà kò mọ̀ pé oko ni.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n kó àwọn ọmọ sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kọkànlá tàbí Ìkejìlá, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró tí ọyẹ́ kò sì tíì bo ojú ọ̀run, kí wọ́n sì yí ilẹ̀ yìí ká. Ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ yóò rí i pé Mówè àti Ìfọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Bí ẹyẹ bá fò, kò ní tó 30 kìlómítà. Àmọ́ odò Ògùn àti irà rẹ̀ ló wà láàárín, àwọn ọ̀nà ńlá sì gba Èkó tàbí Abẹ́òkúta yí i ká. Ti Abẹ́òkúta ni kí wọ́n gbà. Ó jìn ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n òun ni ilẹ̀ ti ń pààrọ̀ àwọ̀ lójú ẹni.

Láti Ìbàfò ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì ń rọ̀ bí a ṣe ń sún mọ́ odò: igi ògùrọ̀, koríko gíga, omi dúdú tó dúró jẹ́ẹ́. Láti òkè lọ́hùn-ún ní Òkè-Ògùn ni odò yìí ti ń bọ̀, tó gba Abẹ́òkúta kọjá kó tó wọ ọ̀sà Èkó. Bí òjò bá pọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án àti Ìkẹwàá, tí wọ́n sì ṣí omi ìsédò Ọyán tí wọ́n kọ́ ní 1983, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò a máa kó ẹrù sórí tábìlì. Ọmọ tó ti rí i tí omi wọ àdúgbò níláti mọ ibi tí omi náà ti wá. Kó tún wo àwọn ọkọ̀ akóyanrìn tó ń jáde láti etí odò. A óò tún padà sórí yanrìn yẹn.

Bí wọ́n bá padà sórí ọ̀nà márosẹ̀, láti Mówè ni ilẹ̀ ti gòkè díẹ̀, ó sì pupa. Ọ̀nà kan yà níbẹ̀ tó lọ sí Ọ̀fàdà, mi ò sì lè gbà kí ẹnikẹ́ni kọjá láìyà síbẹ̀. Gbogbo Nàìjíríà ló mọ ìrẹsì Ọ̀fàdà. Ibi àríyá ńlá l'Ékòó ni wọ́n ti ń dì í sínú ewé eéran pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tí epo ń yọ lára rẹ̀. Ọmọ Mówè tó jẹ ẹ́ níbi ìgbéyàwó kò mọ̀ pé ìlú tó fún un lórúkọ wà lẹ́yìn ilé òun. Ìrẹsì yìí kì í funfun bí ti òkèèrè nítorí wọn kì í bó èèpo inú rẹ̀ tán, òórùn rẹ̀ sì máa ń ti inú ìkòkò jáde kó tó jinná. Kí ọmọ rí ilẹ̀ tó hù lórí rẹ̀. Kó bá àgbà obìnrin kan tó ń fẹ́ ìrẹsì sọ̀rọ̀, kó kí i bó ṣe yẹ kí a kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ní Ṣágámù, kò pọn dandan kí wọ́n pẹ́. Ìlú Rẹ́mọ mẹ́tàlá ló para pọ̀ di Ṣágámù ní 1872, láti fi ìṣọ̀kan dáàbò bo ara wọn ní àkókò ogun, ilẹ̀ obì sì ni gbogbo àyíká náà. Obì yìí ló fa àwọn oníṣòwò Haúsá wá tẹ̀dó sí Sábó. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n yà sí apá òsì ní oríta márosẹ̀, kí wọ́n gba Ṣíún àti Kóbapé. Níhìn-ín ni kí gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ gbé fóònù sílẹ̀. Igbó ń fọ́nká, koríko ń gbapò rẹ̀, ọ̀pẹ dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, òkúta dúdú sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí láàárín oko ẹ̀gẹ́. Ẹ ti kúrò lórí ilẹ̀ yanrìn nìyẹn, ẹ ti gun orí egungun ayé.

Bí wọ́n bá dé Abẹ́òkúta, àpáta Olúmọ ni kí wọ́n lọ; ó ga tó 137 mítà sórí ìtẹ́jú òkun. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀, àmọ́ àtẹ̀gùn ni kí àwọn ọmọ gùn. Ní 1830, nígbà tí ogun ti tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká nínú igbó wọn, Ṣódẹkẹ́ ló ṣáájú wọn wá síbẹ̀, abẹ́ àpáta yìí sì di ibi ààbò. Kí òbí fi àwọn kòtò tí wọ́n fi ń lọ nǹkan hàn wọ́n nínú ihò abẹ́ àpáta náà. Ìyá kan ti lọ ata níbẹ̀ rí bí ogun ṣe ń gbóná lóde. Láti ṣóńṣó rẹ̀, páànù tó ti dípẹtà tẹ́ lọ títí, odò Ògùn tí wọ́n fi sílẹ̀ ní Ìbàfò sì tún yọ, ó ń kọjá láàárín ìlú. Òkúta tí wọ́n dúró lé yìí jẹ́ ohun tó yọ́ bí epo gbígbóná nínú ilẹ̀ jíjìn, tó wá tutù díẹ̀díẹ̀, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Kí wọ́n fọwọ́ kàn án.

Ọmọ Aké kan, ní Abẹ́òkúta níbẹ̀, rin irú ìrìn-àjò yìí láti ìhà kejì. Nínú ìwé *Aké* tó jáde ní 1981, Wọlé Ṣóyínká ròyìn bí ìdílé wọn ṣe máa ń lọ sí Ìsarà Rẹ́mọ, ìlú bàbá rẹ̀, fún ọdún tuntun. Ọmọ ilé míṣọ́nnárì ni, nínú ọgbà tí gbogbo nǹkan létò. Ní Ìsarà ló ti tẹ̀lé àwọn ará ilé lọ sóko, ibẹ̀ náà ni bàbá bàbá rẹ̀ ti mú kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí i lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ lè le. Kò sí ilé ìwé Aké tó lè fún un ní ohun tó rí gbà níbẹ̀. Mo ka ìtàn yẹn sí àlàyé tó péye jù lórí òwe wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òǹkọ̀wé náà kò pa á níbẹ̀. Ọmọ náà kò padà sọ pé Aké kéré tàbí pé ó tóbi. Ó ti ní ohun tó lè fi wọ̀n ọ́n ni.

Bí wọ́n bá ń jáde l'Ábẹ́òkúta, kí wọ́n rántí Aro, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá ti dá ọmọ ogun Dàhọ̀mì padà ní oṣù Kẹta 1851, tí àwọn obìnrin jagunjagun wà nínú wọn. Lẹ́yìn Ọbádà-Òkò àti Wásìmì, òkúta dúdú á pòórá lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Ìtòrí àti Ewékorò, ilẹ̀ di funfun.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí wọ́n dúró pẹ́ jù, ó sì ń dùn mí pé eré ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fi ń kọjá. Òkun ni ibí yìí rí. Ní nǹkan bí ọgọ́ta mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, omi iyọ̀ ló bo gbogbo Ewékorò, ìgbín òkun àti àwọn oníkarawun kú síbẹ̀ ní ìran dé ìran, karawun wọn kó jọ, ó ṣù, ó di òkúta ẹfun. Títí di òní, àwòrán karawun ṣì ń yọ lára òkúta tí wọ́n bá wà jáde. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ kárí ayé ló mọ orúkọ Ewékorò, torí orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń pe ìpele òkúta yìí látorí ilẹ̀ wa dé apá kan ilẹ̀ Olómìnira Benin. Láti nǹkan bí 1960 ni wọ́n ti ń lọ òkúta ẹfun yìí ṣe sìmẹ́ńtì níbẹ̀.

Nísinsìnyí ni kí bàbá tàbí ìyá bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí wọ́n fi kọ́ ilé wọn ní Mówè. Yanrìn? Wọ́n rí i tó ń ti etí odò jáde láàárọ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nínú kọnkéré? Irú àpáta tí wọ́n gùn lọ́sàn-án ni wọ́n ń fọ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lágbègbè Abẹ́òkúta. Sìmẹ́ńtì? Karawun òkun ni. Oko bàbá mélòó kan ló ti kó ara wọn sínú ògiri yàrá kan ṣoṣo.

Láti Pápálántò dé Ìfọ̀ kò jìn mọ́. Ilẹ̀ ti tún pupa, ọ̀pẹ ti tún pọ̀. Nígbà tí wọ́n fi irin ṣọ̀nà láti Ìdó dé Abẹ́òkúta láàárín 1896 sí 1898, Ìfọ̀ wà lójú ọ̀nà, ẹ̀ka kan sì tún yà níbẹ̀ lẹ́yìn náà, ó gba Ìlaròó dé Ìdógò, níbi tí wọ́n bí Ebenezer Obey sí ní 1942. Réèlì tuntun Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 náà gba àgbègbè yìí, ibùdókọ̀ Pápálántò sì ń jẹ́ orúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Kí wọ́n jẹun ní Ìfọ̀, kí wọ́n sì kúrò níbẹ̀ kí aago mẹ́rin tó lù, nítorí ọ̀nà Sàǹgó sí Ojódù tí wọn yóò gbà padà sílé kì í dẹ̀ lálẹ́ Sátidé.

Iṣẹ́ kan ṣì kù, kò sì nílò epo ọkọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, kí òbí mú àwọn ọmọ lọ kí baálẹ̀ àdúgbò wọn ní Mówè tàbí Ìbàfò, pẹ̀lú obì lọ́wọ́. Kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí èyí tó dàgbà jù nínú wọn sì bi bàbá náà pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ẹ̀ ń gbìn síbi tí ilé wa wà yìí?”