Owó pépà oníṣílè kan ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà

Owó pépà oníṣílè kan ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà jẹ́ owó tí West African Currency Board, ìyẹn Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà, tẹ̀ jáde nígbà tí owó fàdákà di ọ̀wọ́n nítorí Ogun Àgbáyé Kìíní. Ọjọ́ 30 Oṣù Kọkànlá 1918 ni a kọ sí i lára. Nàìjíríà, Ghánà, Siẹrra Léónè àti Gámbíà ni ìgbìmọ̀ náà ń ṣe owó fún.

Ìtàn

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1912. Ní 1913, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ owó fàdákà tí ó ní àwòrán igi ọ̀pẹ. Ogun sọ fàdákà di ọ̀wọ́n. Bí iye áúnsì fàdákà kan bá ti ju kọ́bọ̀ 66 lọ, fàdákà inú ṣílè a níye lórí ju ṣílè náà fúnra rẹ̀ lọ. Ní Oṣù Kejì 1920, ó ju kọ́bọ̀ 89 lọ. Ní 1916 ni owó pépà ṣílè 2, 10 àti 20 ti jáde; oníṣílè kan tẹ̀ lé wọn ní 1918.

Bí àwọn ènìyàn ṣe gbà á

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti oníṣòwò kò fẹ́ràn owó pépà. A lè ri owó fàdákà mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ikán, iná àti òjò lè ba pépà jẹ́. Ó tún ṣòro fún ẹni tí kò mọ̀wé láti mọ iye rẹ̀. Nítorí náà, àwọn mìíràn kì í gbà á ní iye tí a kọ sí i. Ní 1920, ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ owó idẹ dípò ti fàdákà.

Ní ilẹ̀ mìíràn

Ní Dàhòmì, tí í ṣe Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ lónìí, ìjọba Faransé tẹ owó pépà ìdajì fránkì, fránkì 1 àti fránkì 2 ní 1917. Ní Amẹ́ríkà, nígbà ogun abẹ́lé, àwọn oníṣòwò ló rọ owó bàbà kéékèèké tiwọn, tí orúkọ ìsọ̀ wọn wà lára rẹ̀. Iye irú owó bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ oníṣòwò tí ó ṣe é: bí ó bá kọ̀ láti gbà á padà, ẹni tí ó ní in ló pàdánù. Òfin fòpin sí i ní 1864.

Ìkójọ

Àwọn olùkójọ owó máa ń yẹ ọjọ́, nọ́ńbà àti ìdúróṣinṣin pépà náà wò. Kò yẹ kí a fọ̀ ọ́ tàbí kí a fi gọ́ọ̀mù lẹ ibi tí ó ti ya, nítorí èyí ń dín iye rẹ̀ kù. Inú àpò ọ̀rá tí ó mọ́ gaara, níbi tí ọ̀rinrin kò sí, ni a ń tọ́jú rẹ̀ sí.